Ó Rà Á Ni, àbí Ó Bá A Nílé? Àlàyé lórí Títa Ẹrù Àgbà ní Òṣogbo

Bí ẹ bá ń rìn láàárín Òṣogbo, lẹ́yìn Ọjà Ọba, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ilé tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri rẹ̀ pé ilé yìí kì í ṣe títà. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń fa irú àkọlé bẹ́ẹ̀. Ọmọ ẹbí kan ti fẹ́ tà á lẹ́yìn àwọn yòókù, tàbí gbájúẹ̀ kan ti ń mú oníbàárà wá wò ó. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí wọ́n ti kọ irú rẹ̀ sára ọpọ́n Ifá, tàbí sára ilẹ̀kùn gbígbẹ́, tàbí sára ìdì aṣọ ẹtù tó wà nínú àpótí ìyá àgbà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí àgbà ilé bá kú, ilé á dúró, ẹrù inú rẹ̀ á sì tán díẹ̀díẹ̀.

Ní agboolé ìyá mi, lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́ tí a ṣe fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó jẹ́ olórí ilé, ọ̀rọ̀ yìí dé bá wa láìròtẹ́lẹ̀. Òrùlé ń jò, ikán ti mú àjà, àwọn tó wá láti Èkó sì fẹ́ padà lọ́jọ́ Àìkú. Ọkùnrin kan gbé ọkọ̀ akẹ́rù kékeré dé. Ó ní òun gbọ́ pé a fẹ́ palẹ̀ yàrá mọ́, òun á ra gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, láti orí bẹ́ẹ̀dì títí dé orí ilẹ̀kùn. Ó sì ka owó sórí tábìlì.

Ọmọ olóògbé tó dàgbà jù ní, "Ẹrù bàbá wa ni, àwa la ni ín." Màmá kan tó jẹ́ ọmọ-ilé dá a lóhùn pé ẹrù ilé ni, kì í ṣe ti bàbá rẹ̀. Àbúrò wa kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́yà sì dá sí i pé ìjọba ló ni gbogbo ohun àtijọ́, pé ẹnikẹ́ni nínú wa kò tilẹ̀ lè tà á. Ilé dàrú. Ohun tó wá yé mi nígbà tó yá ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ kò sí èyí tó pé. Oríṣiríṣi ẹrù ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, orúkọ kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń pe gbogbo rẹ̀: ogún. Níwọ̀n ìgbà tí Òṣogbo ti kún fún ilé tó ti wà látìgbà ìwáṣẹ̀, tí àwọn àgbà inú wọn sì ń lọ, mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Oríṣi ẹrù mẹ́ta lábẹ́ òrùlé kan

Ìbéèrè kan wà tí màmá ọmọ-ilé yẹn kọ́ wa lọ́jọ́ náà, òun ni mo sì ń lò títí di òní. Ẹ gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan síwájú, kí ẹ bi àgbà tó bá ṣẹ́ kù nílé: "Ó rà á ni, àbí ó bá a nílé?"

Ohun tí olóògbé fi owó ara rẹ̀ rà, tàbí tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ, tirẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀dì onírin tó ní idẹ lórí, ẹ̀rọ ìránṣọ Singer, kẹ̀kẹ́ Raleigh, aago ògiri, giramafóònù, àwo tánganran. Irú ẹrù báyìí pọ̀ nílé àwọn àgbà Òṣogbo nítorí rélùwéè. Láàárín ọdún 1900 sí 1910 ni ọkọ̀ ojú irin dé ìlú wa, àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tẹ̀ lé e, ìlú sì di ibi tí àgbẹ̀ ń kó irè oko wá tà, tí yóò sì ra nǹkan lọ sílé. Àwọn wọ̀nyí ni ogún gidi. Wọn yóò bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹni tó bá sì kàn lè tà á láìdúró de ẹnikẹ́ni.

Ohun tí ó bá nílé yàtọ̀. Ilé ti wà kó tó dé ipò olórí, àga tó ń jókòó lé kí wọ́n lè mọ̀ pé òun ni olórí ti wà, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti wà, ìlù tí wọ́n ń lù bí òkú ilé bá wọlé ti wà, ẹ̀kú egúngún ilé ti wà. Ó tọ́jú wọn ni. Bí a bá ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ pín wọn, bí ẹni pé a ní kí ọmọ akọ̀wé pín tábìlì ọ́fíìsì bàbá rẹ̀ ni.

Oríṣi kẹta ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù, nítorí pé kò sí nínú ìwé, kò sì hàn sójú. Ohun tí wọ́n fi pamọ́ sọ́wọ́ ilé ni: ti òrìṣà, ti oyè, ti ìlú. Ẹni tó bá ti tẹ̀ lé Ọdún Ọ̀ṣun dáadáa, tí kì í ṣe ọjọ́ Arugbá nìkan ló wá, á ti rí Ìborìadé. Lọ́jọ́ náà, wọ́n á kó adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà jọ sójú kan, Àtáọ́ja tó wà lórí ìtẹ́ á sì wá júbà. Gbogbo àwọn ọba wọ̀nyẹn ló bímọ. Síbẹ̀, kò sí ọmọ ọba tó lè dìde pé adé bàbá òun nìyí, òun fẹ́ gbé e relé. Bàbá rẹ̀ dé e lóòótọ́, àmọ́ bàbá rẹ̀ kò ni ín. Àtùpà Olójúmẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn lásìkò ọdún kan náà rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ọwọ́ dé ọwọ́, kò sì sí ọwọ́ kan nínú wọn tó sọ pé tòun ni.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàfin ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa náà, kékeré ni tiwa. Bí bàbá bá jẹ́ Ògbóni, ẹdan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà ilédì, ilé ìpàdé àwọn Ògbóni, ló yẹ kí ó gbà. Bí ìyá bá jẹ́ olórìṣà, oṣé Ṣàngó tàbí ìlẹ̀kẹ̀ tó ń wọ̀ síwájú òrìṣà ní àwọn tó fi lé e lọ́wọ́, àwọn wọ̀nyẹn sì ń retí rẹ̀. Ẹni tó ń lò ó ti kú, iṣẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe kò kú. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé ní Òṣogbo ló ti di ilé Mùsùlùmí tàbí ilé Kìrìsìtẹ́nì láti ìran mélòó kan sẹ́yìn, mo sì ti gbọ́ ọmọ tó sọ pé, "A kì í ṣe irú ẹ̀ mọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tà á tàbí ká sun ún." N kò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Àmọ́ bí n kò bá bá yín ṣe ẹgbẹ́ mọ́, ṣé ó wá yẹ kí n ta àpótí ẹgbẹ́? Ẹ dá a padà fún àwọn tó ni ín. Bí wọn kò bá sí mọ́, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wà.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ère ìbejì, nítorí òun ni àwọn oníbàárà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Nígbà tí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, Ifá lè ní kí wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀. Ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fi osùn pa á lára, á máa fi oúnjẹ kàn án lẹ́nu nígbà tí ó bá ń bọ́ èyí tó wà láàyè, á sì máa pọ̀n ọ́n. Ojú ère á tìtorí ẹ̀ dán, imú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ìyá yẹn kò pè é ní ère. Táyéwò tàbí Kẹ́hìndé ló pè é. Nítorí náà, bí ẹ bá bá a nínú àpótí rẹ̀, ìbéèrè "ta ni yóò jogún rẹ̀" kò bá a mu rárá. Ẹ bi ara yín pé ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀.

Ta ló ní ẹnu láti sọ pé kí wọ́n tà á?

Lórí ẹrù tó jẹ́ ti olóògbé fúnra rẹ̀, ọ̀nà kò le. Bí ó bá ti ṣe ìwé ìhágún, ẹni tí ìwé náà yàn ni yóò bójú tó o. Àmọ́ èèyàn kò lè há ohun tí kì í ṣe tirẹ̀: bí bàbá bá kọ ọ́ sínú ìwé pé òun fi ẹ̀kú egúngún ilé sílẹ̀ fún ọmọ òun Lágbájá, ọ̀rọ̀ lásán ni. Bí kò bá sí ìwé, tí ẹrù náà sì tó nǹkan, kí àwọn ọmọ lọ gba ìwé àṣẹ ní kóòtù gíga ti ìpínlẹ̀, tó wà ní Òṣogbo níbí, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ lọ́la pé wọ́n jí i kó ni.

Bí wọ́n ṣe máa pín in wá kù sọ́wọ́ irú ilé tó jẹ́. Nílé Mùsùlùmí tó bá fẹ́ tẹ̀ lé ẹ̀sìn, álfà á pín in: ọmọkùnrin á gba ìlọ́po méjì ti ọmọbìnrin, ohun tí olóògbé sì lè yà sọ́tọ̀ fún ẹni tí kì í ṣe ajogún kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Nílé tó bá ń tẹ̀ lé àṣà, ìdí-igi ni, àbí orí-ò-jorí. Ká sọ pé bàbá fẹ́ ìyàwó mẹ́ta: ìyá kan bí márùn-ún, èkejì bí méjì, ẹ̀kẹta bí ẹyọ kan. Bí a bá pín in ní ìdí-igi, ọ̀nà mẹ́ta la ó pín in sí, ọmọ kan ṣoṣo yẹn á sì gba iye tí àwọn márùn-ún yẹn yóò pín láàárín ara wọn. Bí ó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ọ̀nà mẹ́jọ ni. Ẹjọ́ ìdílé Yorùbá kan láti Èkó lọ títí dé kóòtù tó ga jù fún Nàìjíríà nígbà náà, tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti dá a ní ọdún 1962 pé ìdí-igi ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé olórí ẹbí sì lè lo orí-ò-jorí bí aáwọ̀ bá wà. Mo ti rí ìdílé tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tú ká nítorí aṣọ òkè mẹ́ta, àlàárì méjì àti sányán kan ṣoṣo, kìkì nítorí pé kò sí ẹni tó sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà pín in kí wọ́n tó ṣí àpótí. Ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ọ̀nà ná.

Ẹrù ilé kì í ṣe pípín. Kí ni kí a wá ṣe bí gbogbo ilé bá fẹ́ tà nínú rẹ̀? Láti ọdún 1959 ni kóòtù ti là á sílẹ̀ nípa ohun ìní ẹbí pé bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí, títà náà kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀ lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹ̀ka, títà náà ṣẹlẹ̀, àmọ́ àwọn yòókù lè gba kóòtù lọ kí wọ́n dà á nù. Orí ilẹ̀ ni ẹjọ́ yẹn dá lé, ọgbọ́n inú rẹ̀ sì bá ilẹ̀kùn àti ìlù mu. Kí a mọ èyí dáadáa: kì í ṣe ẹni tó ń gbé ilé, kì í ṣe ẹni tó lówó jù, kì í sì ṣe ẹni tó tún òrùlé ṣe ló ní ẹnu. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka, lápapọ̀, ni. Ọmọbìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ wà nínú ẹbí yẹn. Wọ́n máa ń gbàgbé rẹ̀, òun gan-an ló sì sábà máa ń mọ orúkọ nǹkan.

Níbo ni ìjọba wọ̀ ọ́?

Ọ̀rọ̀ tí àbúrò wa sọ pé ìjọba ló ni gbogbo ohun àtijọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà gbọ́, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì ti mú kí àwọn kan máa tà á ní kọ̀rọ̀ lóru. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin tó wà ni Òfin 77 ti ọdún 1979, tó dá àjọ NCMM sílẹ̀, àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti àwọn ibi ìrántí ní Nàìjíríà. Òfin náà kò gba ẹrù yín lọ́wọ́ yín. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀, ẹ lè lò ó, ẹ lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ibi tí òfin ti dá sí i ni ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á, àti ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé e kọjá ẹnubodè.

Kí ni òfin pè ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé? Ó ka wọn sílẹ̀: ère, ohun tí a fi amọ̀ mọ, ohun tí a fi irin tàbí idẹ rọ, òpó ilé, ilẹ̀kùn, ère baba ńlá, ìbòjú ẹ̀sìn, ọ̀pá, ìlù, àwo, ohun ọ̀ṣọ́, ohun èlò ilé, ohun ìjà, aṣọ àti ẹ̀ṣọ́ oyè, títí kan ìwé àfọwọ́kọ. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ tí wọ́n ṣe kí ó tó di ọdún 1918. Tàbí kó jẹ́ ohun tó ní iyì nínú ìtàn, iṣẹ́ ọnà tàbí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, tí wọ́n sì ti lò ó rí nínú ètùtù tàbí ayẹyẹ ìbílẹ̀.

Ẹ wo apá kejì yẹn dáadáa, nítorí níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Oníbàárà á sọ pé, "Èyí kò tó ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n gbẹ́ ẹ lẹ́yìn ogun Hitler, òfin kò dé ibẹ̀." Bí wọ́n bá gbẹ́ ère kan ní ọdún 1950, tí ó ní iyì, tí wọ́n sì fi bọ òrìṣà, òfin dé ibẹ̀. Bákan náà, ẹ̀rọ Singer tó ti wà láti ọdún 1910 kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lábẹ́ òfin yìí bó ti wù kó gbó tó, nítorí kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni òfin ń wò.

Bí nǹkan bá ti bọ́ sábẹ́ òfin, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rà á àfi aṣojú tí àjọ náà fún ní àṣẹ, ẹni tó ni ín kò sì gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àjọ náà tàbí irú aṣojú bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè gbé e jáde ní Nàìjíríà láìsí ìwé àṣẹ wọn. Ẹni tó tà á àti ẹni tó rà á ló jọ jẹ̀bi, owó ìtanràn tàbí ẹ̀wọ̀n sì ni. Nítorí náà, ọkùnrin tó gbé ọkọ̀ wá bá wa nílé yẹn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó yẹ ká bi í ni pé, "Ìwé àṣẹ yín dà?" A kò bi í. A kò mọ̀ pé ó yẹ ká bi í. Àjọ náà ní òṣìṣẹ́ ní Òṣogbo níbí, àwọn kan náà tó ń mójú tó Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2005. Ẹ ya fọ́tò ẹrù náà, kí ẹ mú un tọ̀ wọ́n lọ, kí ẹ béèrè bóyá òfin dé orí rẹ̀. Wọn kò ní bá yín jà nítorí pé ẹ béèrè.

Àwọn kan lè bi mí pé kí ló fa gbogbo ìnira yìí. Ẹ wo iye ère ìbejì tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé òyìnbó àti nílé àwọn olówó ìlú òkèèrè. Ìran tó ṣáájú wa ni púpọ̀ nínú wọn fi ọwọ́ ara wọn tà, fún oníbàárà tó wá sẹ́nu ọ̀nà, ní owó tí kò ju owó ọjà ọ̀sẹ̀ kan lọ. Ní 1974 ni ìjọba ológun kọ́kọ́ fi òfin de títà ní ìgboro bẹ́ẹ̀, kí òfin 1979 tó dé. Nígbà tí orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Bìní 119 padà ní ọdún 2025, ohun tó mú kó ṣeé ṣe ni pé gbogbo ayé mọ̀ pé ogun 1897 tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé ti Bìní ni wọ́n fi kó wọn, àkọsílẹ̀ sì wà. Ta ni yóò béèrè èyí tó kúrò ní yàrá ìyá àgbà yín lọ́sàn-án gangan, tí kò ní fọ́tò, tí kò sí nínú ìwé kankan, tí ẹnikẹ́ni kò sì rántí orúkọ rẹ̀?

Àwòrán Òṣogbo ńkọ́?

Ohun kan wà tí àwọn èèyàn máa ń jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nígbà tí wọ́n bá ń wá ohun àtijọ́. Ní ọdún 1962 ni wọ́n dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí Dúró Ládiípọ̀ ti ṣe eré, tí Ulli Beier sì ti kó àwọn ọ̀dọ́ jọ. Ibẹ̀ ni Twins Seven-Seven, Jimoh Buraimoh tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ya àwòrán, àti Muraina Oyelami ti dìde. Adébísí Àkànjí náà wà nínú ìran yẹn, ẹni tó bá Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà wa, fi sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́ ní Igbó Ọ̀ṣun. Àárín wa ni àwọn oníṣẹ́ ọnà yìí gbé. Wọ́n fi iṣẹ́ tọrẹ fún ọ̀rẹ́, fún onílé, fún ẹni tó yá wọn lówó. Ó ṣeé ṣe kí pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dí fèrèsé ẹ̀yìnkùlé ní àwòrán lójú kejì.

Lójú òfin 1979, àwòrán ọdún 1964 kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé: kò ṣáájú 1918, wọn kò sì fi ṣe ètùtù. Ẹ lè tà á fún ẹni tó wù yín, bí ó bá ti jẹ́ ti olóògbé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó rà á bá fẹ́ gbé e lọ sí òkè òkun, kí ó kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ NCMM tí yóò fi han àwọn aṣọ́bodè pé kì í ṣe ohun tí òfin dè. Ẹni tó ra àwòrán kò sì ra ẹ̀tọ́ láti máa tẹ ẹ̀dà rẹ̀ sára kàlẹ́ńdà. Ẹ̀tọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ oníṣẹ́ ọnà tàbí àwọn ọmọ rẹ̀, òfin ọdún 2022 sì fún wọn ní àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Twins Seven-Seven kú ní 2011, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ẹ má fọ̀ ọ́

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni wá wo ẹrù, ẹ dákun, ẹ fi kànìnkànìn sílẹ̀. Ìfẹ́ ni àwọn ọmọ fi ń ṣe é: wọ́n á fi ọṣẹ fọ ère, wọ́n á fi ọ̀dà kun ilẹ̀kùn, wọ́n á fi yanrìn ha ẹdan kí ó lè dán. Wọ́n ti fọ ìtàn rẹ̀ dànù nìyẹn. Osùn tó gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ère ìbejì ni ẹ̀rí pé ìyá kan tọ́jú rẹ̀. Aró tó wà lórí irun rẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀: ẹ̀lú ni wọ́n ń lò látijọ́, kí àwọn kan tó bẹ̀rẹ̀ sí fi búlúù tí wọ́n fi ń fọ aṣọ rọ́pò rẹ̀, ojú tó mọ̀ ọ́n á sì fi ìyẹn mọ ìgbà tí wọ́n lò ó. Aṣọ òkè pẹ̀lú. Ojúlówó sányán, òwú kòkòrò ni wọ́n fi hun ún, kì í ṣe òwú tí a ń gbìn. Bí ẹ bá sọ ọ́ sínú omi gbígbóná pẹ̀lú omo, ó parí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yẹn gan-an ni oníbàárà ń wá, ẹ má sọ ọ́ nù kí ẹ tó mọ ohun tó jẹ́.

Ohun tó ń gbé owó lé ẹrù ju ẹwà rẹ̀ lọ ni ìtàn tó bá a rìn. Àwọn oníṣẹ́ ọnà wa mọṣẹ́, àwọn alágbàtà kan sì wà tí wọ́n ń ra ère tuntun, tí wọ́n ń rì í mọ́lẹ̀ tàbí kí wọ́n fi èéfín rẹ́ ẹ lára kó lè dà bí ògbólógbòó. Ẹni tó bá fẹ́ ra ojúlówó á béèrè ibi tó ti wá. Nítorí náà, ẹ ṣe ìwé kan. Kí ẹ ya fọ́tò ẹrù kọ̀ọ̀kan níwájú àti lẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ fi rúlà tàbí téèpù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ tí ilé ń pè é, ẹni tó lò ó, ẹni tó gbẹ́ ẹ tàbí tó hun ún bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ibi tó ti sán tàbí tó ti kán, àti èyí tó jẹ́ nínú oríṣi mẹ́ta tí mo sọ. Kí olórí ẹbí àti aṣojú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí i, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì mú ẹ̀dà tirẹ̀. Ọjọ́ méjì ni ó gbà wá. Bí olè bá gbé nǹkan lọ́la, ìwé yẹn ni ọlọ́pàá àti NCMM yóò béèrè.

Lẹ́yìn èyí, èyí tó bá ṣeé tà, ẹ lè lù ú ní gbàǹjo. Ẹ kéde ọjọ́, ẹ má ta lápapọ̀ fún ẹnì kan nítorí pé ó mú owó wá lọ́wọ́, ẹ sì kọ rìsíìtì.

Ìkòkò mẹ́ta wà lẹ́yìn ilé tí mo ń sọ yìí, ìkòkò aró ńláńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ dé ìdajì. Òṣogbo ìlú aró ni wọ́n ń pè wá, irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ló sì sọ wá lórúkọ yẹn. Ìyá ìyá mi ló lò wọ́n gbẹ̀yìn. Ọkùnrin oníbàárà yẹn rí wọn, ojú rẹ̀ tàn. Ó ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ń wá irú rẹ̀ láti gbin òdòdó sí, òun á fi owó kún owó. Ó ti lọ mú ṣọ́bìrì wá. A béèrè ìbéèrè wa: ó rà á ni, àbí ó bá a nílé? Ìyá mi ní ìyá òun bá a nílé ni nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, pé ọwọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ ló ti gbà á, ìyá ọkọ náà kò sì jẹ́ ọmọdé nígbà yẹn. Ohun èlò ilé ni, iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ó ti wà ṣáájú 1918.

Nígbà tí a ṣì ń rò ó, màmá ọmọ-ilé dìde lọ dúró sáàárín ìkòkò àti ṣọ́bìrì. Ọmọ Òṣogbo kankan kò lè ṣàìmọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ, bí wọ́n ṣe ti Ìpólé wá omi dé etí odò, tí igi tí wọ́n gé wó sínú omi, tí ohùn kan sì dún láti ìsàlẹ̀ odò pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Màmá wo ọkùnrin náà lójú, ó ní, "Oṣó igbó, ṣé ẹ tún fẹ́ fọ́ ọ ni?"

Ọkùnrin náà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀dì onírin àti aago ògiri ló rà lọ́jọ́ yẹn, a sì kọ rìsíìtì fún un.